Bí kámẹ́rà ilé Ọ̀fà ṣe ń hàn ní Ìlọrin

Bàbá fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé wọn ní Ọ̀fà lórí fóònù láti Ìlọrin, ó kọ̀ jálẹ̀. Ráútà méjì ló fà á: èyí tó gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé (ti ìta), àti èyí tó ń pín in fún kámẹ́rà (ti inú). Port 8000, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ti ṣí lórí ti inú, ṣùgbọ́n ti ìta kò mọ ibi tó máa darí àlejò sí.

Mo wo WAN ráútà inú, ìyẹn àdírẹ́sì ojú rẹ̀ tó kọ sí ráútà ìta: 192.168.0.50. Àdírẹ́sì abẹ́lé nìyẹn, ráútà ìta ló fún un, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì gan-an! Mo so nọ́ńbà yẹn mọ́ ráútà inú lórí ráútà ìta, kó má baà yí padà tí iná bá lọ tó sì dé. Ráútà ìta wá ń darí port 8000 sí 192.168.0.50, ti inú ń darí rẹ̀ sí ẹ̀rọ kámẹ́rà.

Dátà fóònù ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe Wi-Fi ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù kámẹ́rà o.