Ìwẹ̀nùmọ́ ara lásìkò òjò: bí àwọn ará Kerala ṣe ń ṣe é, àti bí ẹ ṣe lè ṣe é nílé

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé kí inú tó mọ́, ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ ya gbuuru. A ó wá àgbo tó le, a ó gbé e mì, a ó máa sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ kejì, a ó jókòó ti iyán àti ẹran bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, ń gba ọ̀nà mìíràn tó wù mí gan-an. Fífọ inú ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọdún lọ́dọ̀ wọn, ó ní ìmúrasílẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà sí oúnjẹ. Ìpadà yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti Kerala, ìpínlẹ̀ kan tó wà létí òkun ní gúúsù Íńdíà. Nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni òjò ńlá máa ń wọlé síbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di àárín oṣù keje, Karkidakam ti dé, oṣù tó kẹ́yìn nínú kàlẹ́ńdà àwọn Malayali, ìyẹn àwọn ará Kerala, títí di àárín oṣù kẹjọ. Láyé àtijọ́, oṣù ọ̀wọ́n ni: òjò kì í jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ oko, oúnjẹ inú àká ń tán lọ, àìsàn sì ń jà. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n sọ di oṣù ìtọ́jú ara. Wọ́n á máa ka Ramayana, ìwé ìtàn mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, nínú ilé, ọ̀pọ̀ á jìnnà sí ẹran, wọ́n á fi òróró para, wọ́n á sì máa mu kanji, ìrẹsì tí wọ́n sè rọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú ewé àti egbòogi. Tí Chingam, oṣù tó tẹ̀ lé e, bá wọlé, tí ọdún Onam dé pẹ̀lú àsè ńlá tí wọ́n ń bù sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, inú kálukú ti wà ní sẹpẹ́.

Ìdí tó fi jẹ́ ìgbà òjò

Àwọn ìwé àtijọ́ Ayurveda pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló ń darí ara: vata tó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́, pitta tó jẹ mọ́ iná, àti kapha tó jẹ mọ́ omi àti ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń kó jọ ní ìgbà kan, á sì ru sókè ní ìgbà mìíràn. Kapha tó kó jọ nígbà òtútù á ru nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí mú. Vata tó kó jọ nígbà ooru á ru nígbà òjò. Pitta tó kó jọ nígbà òjò á ru nígbà tí oòrùn bá padà yọ. Bí wọ́n ṣe yan ìtọ́jú náà nìyẹn: èébì fún kapha, fífi egbòogi àti òróró fọ inú láti ìdí fún vata, ìyàgbẹ́ fún pitta. Tí a bá fi ríro oògùn sí imú àti gbígba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kúrò lára kún un, ó di márùn-ún, òun ni wọ́n ń pè ní panchakarma.

Wọ́n tún ní agni, iná inú tó ń mú kí oúnjẹ dà, kì í jó dáadáa lásìkò òjò. Oúnjẹ tí kò dà á wá di ama, èérí tó ń dí ọ̀nà nínú ara. Ìṣègùn òde òní kò mọ ohun tó ń jẹ́ ama. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa lójoojúmọ́, wọn kì í dúró de oṣù kankan. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé kanji á wo àrùn òun sàn. Ohun tí ọjọ́ díẹ̀ yìí lè ṣe fún yín ni pé oúnjẹ á fúyẹ́ nínú, ẹ ó sinmi, ẹ ó sì rí àwọn ohun tí ẹ ti ń jẹ láì tiẹ̀ fiyè sí i. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lójú mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó yẹ yín

Aláboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ọmọdé, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS: ẹ má dá a ṣe láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí èyí.

Panchakarma fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àṣedánwò nílé. Ní Kerala, vaidyan, ìyẹn oníṣègùn Ayurveda, ló ń yẹ aláìsàn wò. Á kọ́kọ́ fún un ní ghee, ìyẹn bọ́tà tí a yọ́, mu fún ọjọ́ mélòó kan, á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, á sì mú kó làágùn, kó tó di pé ó fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ rárá. Ọ̀kan lára àwọn ilé ìtọ́jú tó lórúkọ jù níbẹ̀ ni Arya Vaidya Sala tí P. S. Varier dá sílẹ̀ ní Kottakkal lọ́dún 1902. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí kò sí olùtọ́jú níbẹ̀ lè fa omi ara gbẹ, kí ó sì da ọkàn láàmú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ọjọ́

Ọjọ́ 7 tó kẹ́yìn ìgbà kan àti ọjọ́ 7 tó bẹ̀rẹ̀ ìgbà tuntun ni Ayurveda ń pè ní ritusandhi, oríta ìgbà méjì. Ẹni tó wà nílẹ̀ Yorùbá lè mú ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé tàbí ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 3 kanji ti tó fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Kerala máa ń ṣe é fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní òwàḿbẹ̀ tàbí ìrìn àjò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú inú fúyẹ́ ṣáájú

Ní ọjọ́ 3 ṣáájú, ẹ jáwọ́ nínú ẹran, ọtí, dídín-dídín àti ohun mímu aládùn. Ẹni tó ń mu kọfí lójoojúmọ́ kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, orí fífọ́ lè bá a. Ẹ jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òróró

Òróró yànmọ̀tí ni wọ́n fẹ́ràn jù fún vata. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí ọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ara àwọn kan kì í gba yànmọ̀tí. Ẹ bu nǹkan bí ìdá mẹ́rin ife sínú ìgò, kí ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má gbé òróró fúnra rẹ̀ ka iná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ẹ gba etí àti ọrùn wá sísàlẹ̀. Ní apá àti ẹsẹ̀, ẹ fa ọwọ́ gbọọrọ. Ní oríkèé, ẹ yí ọwọ́ po. Fún ikùn, ẹ yí ọwọ́ láti ọ̀tún lókè lọ sí òsì, bí ìfun ṣe tò. Ẹ má kánjú kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Láyé àtijọ́ wọn kì í fi ọṣẹ bó òróró náà kúrò, ìyẹ̀fun ẹ̀wà mung, ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé, ni wọ́n ń fi pa ara, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ nílé ìwẹ̀ nítorí ìyọ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán kò gbọ́dọ̀ fi òróró para lọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sísè kanji

Ìrẹsì njavara ni ojúlówó rẹ̀, irú ìrẹsì Kerala kan tó máa ń gbó láàárín nǹkan bí ọjọ́ 60. Ibi tí kò bá ti sí, ọ̀fadà tí a ṣa òkúta inú rẹ̀ dáadáa lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó wà ní London lè wá njavara àti ẹ̀wà mung lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní East Ham tàbí Southall.

Fún ènìyàn 2: ìlàjì ife ìrẹsì, ṣíbí kékeré 1 hulba (fenugreek), ife omi 5, ìlàjì ṣíbí kékeré cumin (hóró kan tó ń ta sánsán), ata ilẹ̀ pupa (turmeric) lílọ̀ díẹ̀, ata ilẹ̀ tútù tí kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, ife 1 omi àgbọn tí a rin tí a sì fún, ṣíbí kékeré 1 ghee, àlùbọ́sà kéékèèké 3, àti iyọ̀ níwọ̀nba. Ghee ni bọ́tà tí a yọ́ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, tí a sì sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ẹ rẹ hulba mọ́jú. Lówùúrọ̀, ẹ fọ ìrẹsì, kí ẹ da òun àti hulba sínú omi, kí ẹ gbé e ka iná kékeré. Á gbà tó wákàtí kan kí ọ̀fadà tó fọ́. Ẹ máa rò ó, kí ẹ máa bu omi gbígbóná sí i, títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu tí hóró ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ fi ata ilẹ̀ méjèèjì àti iyọ̀ sí i. Omi àgbọn ló kẹ́yìn. Tó bá ti gbóná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó má bàa ṣẹ́. Ẹ yọ́ ghee nínú agbada kékeré, ẹ jẹ́ kí cumin ta nínú rẹ̀, ẹ fi àlùbọ́sà sí i kí ó pọ́n, kí ẹ dà á lé kanji lórí. Hulba máa ń korò díẹ̀, ẹ má fi ṣúgà pa á.

Nínú kanji tiwọn, wọ́n tún ń fi egbòogi 10 tí wọ́n ń pè ní dasapushpam sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ tí ẹ ò bá mọ àwọn ewé náà. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun inú ike tí a kò mọ ibi tó ti wá. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004, wọ́n yẹ oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní agbègbè Boston wò, wọ́n sì bá òjé, mercury tàbí arsenic, àwọn èròjà olóró, nínú 14.

Ẹ máa jẹ kanji nígbà tí ebi bá ń pa yín, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ sì yó níwọ̀nba. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ febi para yín. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, tí àyà ń já, tí èébì tàbí ibà dé, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìsinmi

Ẹ tètè sùn. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ ti tó, ẹ fi eré sísá sílẹ̀. Ayurveda ka ohun 13 tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fi tipá dá dúró nínú ara, lára wọn ni ìtọ̀, ìgbẹ́, sísín, òùngbẹ, oorun àti omijé. Ẹni tó ń tọ́jú ara láàárín iṣẹ́ ìlú ńlá lè fi ọjọ́ wọ̀nyí gbọ́ràn sí ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpadà

Lẹ́yìn ìyàgbẹ́ ńlá lábẹ́ ìtọ́jú, àwọn ìwé àtijọ́ ní kí aláìsàn fi ọjọ́ 7 padà sí oúnjẹ: peya tó ṣàn kọ́kọ́ ṣáájú, vilepi tó ki tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní yusha, kí oúnjẹ gidi tó dé. Ìyàgbẹ́ tó mọ níwọ̀n gba ọjọ́ 5, ti kékeré gba 3. Iná inú tó ti rọlẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni kí ẹ tọ̀ nílé. Ní ọjọ́ kìíní lẹ́yìn kanji, ẹ sè é kí ó ki, kí ẹ má fi omi àgbọn sí i. Ní ọjọ́ kejì, ẹ se ẹ̀wà mung tí a ti bó títí yóò fi yọ́, kí ẹ fi ata ilẹ̀ àti iyọ̀ sí i, kí ẹ fi jẹ ìrẹsì rírọ̀. Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi ẹ̀fọ́ tí a sè dáadáa kún un, ọjọ́ kẹrin ẹyin tàbí ẹja, láìdín in. Tí inú bá kún tàbí tí ẹ bá ń gùnfẹ̀, ẹ padà sí oúnjẹ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún un jẹ. Ọjọ́ kẹfà ni ẹran lè wọlé, díẹ̀, lọ́sàn-án. Ọtí àti ohun dídín, ó di ọ̀sẹ̀ kejì.