Ẹ Wọn Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Mówà: Ìtọ́sọ́nà fún Yíyan Ẹ̀rọ Ìgékoríko Ọgbà Ilé

Ẹ̀rọ ìgékoríko tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní mówà kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣánbó. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó yọ owó lápò. Koríko tó ti ga dé orúnkún, eèsún, ẹ̀kan, pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ tó ń yọrí láàárín wọn, kò sí mówà ilé tó lè máa gé wọn kó sì pẹ́. Àdá ló ń ṣán irú igbó bẹ́ẹ̀, tàbí ẹ̀rọ ìṣánko tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì kọ́ èjìká. Koríko tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ń gé déédéé, ni mówà wà fún. Tí àyíká ilé yín bá ṣì jẹ́ igbó, ẹ ṣán an, ẹ hú kùkùté, ẹ ṣa òkúta, kí ẹ gbin koríko tàbí kí ẹ jẹ́ kí èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́ dáadáa. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ mówà ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀.

Ilẹ̀ ni kó yan ẹ̀rọ

Ẹ mú tépù, kí ẹ wọn ibi tí koríko wà gan-an, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 jẹ́ nǹkan bí 465 mítà níbùú lóròó. Èyí tó jẹ́ 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bí 669. Ká fi èyí tó kéré ṣe àpẹẹrẹ: tí ilé bá gba 170, tí ibi tí ẹ da kọnkéré sí àti ibi ìgbọ́kọ̀sí gba 120, tí ebè ẹ̀fọ́ sì gba 35, 140 péré ló kù fún koríko. Ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì kan kò nílò ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń jókòó lé wà. Iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi ìgbafẹ́ ló ni ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìbú tí abẹ ẹ̀rọ ń gé lẹ́ẹ̀kan. Mówà tó ń gé ínṣì 18, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 46, máa ń gé bí 40 gan-an, torí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú ọ̀nà kan gun èkejì díẹ̀ kí koríko má bàa ṣẹ́kù láàárín. Lórí 140 mítà níbùú lóròó, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 350 mítà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ínṣì 12 ni, ẹ máa rin bí 560. Fún ibi tí kò tó 100 mítà níbùú lóròó, ínṣì 12 sí 16 ti tó. Láti 100 sí 400, ẹ wá 16 sí 18. Ó di pé ó ju 400 lọ kí 20 tàbí 22 tó bójú mu, pàápàá èyí tí ẹ́ńjìnì ń gbé táyà rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn ojú ọ̀nà tó fún jù láàárín ilé àti fẹ́ǹsì. Mówà tí kò lè gba ibẹ̀ kọjá kò ní dé ẹ̀yìn ilé láéláé. Ẹ tún wò ó bóyá ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti dagẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnì ń fi táyà ẹ̀yìn tì dára ju èyí tó ń fi tiwájú fà, nítorí iwájú máa ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, táyà ẹ̀yìn tó tóbi máa ń dín wàhálà kù.

Irú koríko náà ní ohun tó fẹ́. Koríko kápẹ́ẹ̀tì, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, máa ń dára tí ẹ bá gé e kù sí sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Bàhámà, tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín, lè kù sí 2.5 sí 4. Gbégi ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu jù: igi rẹ̀ le, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọjá, tó bá yá á tún dìde. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà ní ibi tí wọ́n ti ń gbé e ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán láti 2.5 dé 7 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà rọrùn ju èyí tí wọ́n ń tú níkọ̀ọ̀kan lọ.

Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi agbára ọwọ́ tì ni. Tí ẹ bá ń tì í, táyà á máa yí abẹ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa gé koríko mọ́ irin kan tó dúró sójú kan, bí àlùmọ́gàjí. Kò mu epo, kò pariwo, ojú gígé rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹ̀rọ mìíràn lọ. Fún ọgbà kékeré tó tẹ́, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kì í gbà kí koríko ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, kì í gé orí gbégi tó ti yọ, òkúta kékeré kan tàbí ìṣó sì lè bu abẹ rẹ̀ jẹ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè gé koríko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, ẹ má rà á.

Oníná àti oníbátìrì

Èyí tó ń lo wáyà iná máa ń fa nǹkan bí wáàtì 1,200 sí 1,800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí I better pass my neighbour kò lè gbé e, ẹ má sì dán an wò, torí ẹ lè jó ẹ̀rọ méjèèjì. Tí wáyà ìfàgùn yín bá gùn kọjá mítà 25, kó jẹ́ ti mìlímítà 2.5, kí ẹ sì tú u tán kúrò lára ohun tí wọ́n ká a mọ́ kí ẹ tó lò ó. Wáyà tó tín-ín-rín máa ń gbóná, iná tó dé ara mọ́tò á dín kù, mọ́tò á sì jó díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tètè mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ gígé láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti ń wá, kí wáyà máa wà lẹ́yìn yín nígbà gbogbo.

Ọ̀ràn tòkunbọ̀ wà níbí o. Mówà oníná tó wá láti Amẹ́ríkà, fóltì 120 ló ń lò. Iná wa jẹ́ 230. Tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ó ti jó nìyẹn. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu. Ẹ ka bébà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó ná an rárá. Ohun kan náà ló bá ṣájà mówà oníbátìrì.

Oníbátìrì ti ń wọ́pọ̀ báyìí, ó sì bá ilé tó ní sólà mu. Bátìrì fóltì 40 tó jẹ́ 4 ampere-hour ní agbára wáàtì-wákàtí 160. Lórí koríko gbígbẹ tí kò ga, ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lórí koríko tútù tó nípọn, ó lè má tó ìlàjì rẹ̀. Ẹ má fi bátìrì sínú oòrùn tàbí sínú búùtù ọkọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá bátìrì náà ṣeé rà lọ́tọ̀. Tí kò bá ṣeé rà, ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni ẹ̀rọ náà kú.

Elépo, tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa

Fún púpọ̀ nínú ilé tó ní láàárín 100 sí 400 mítà níbùú lóròó, mówà elépo ínṣì 18 tí ẹ máa fi ọwọ́ tì, tó ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀ àti epo lọ́tọ̀, ni a rò pé ó yẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé kò dúró de NẸ́PÀ, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ sì mọ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Honda àti Briggs & Stratton wọ́pọ̀ lára wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́jà bóyá pílọ́ọ̀gì, fítà atẹ́gùn, okùn ìfà àti abẹ tó bá a mu wà. Abẹ ló ṣe pàtàkì jù, torí ihò àárín rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, wẹ́dà tó bá sì lu ihò tuntun sí i lè ba ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀ jẹ́.

Mówà tuntun sábà máa ń wá láìsí ọ́ìlì nínú. Ẹ má fa okùn rẹ̀ kí ẹ tó wo irin ìwọ̀n. Nǹkan bíi lítà ìlàjì sí mìlílítà 600 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, SAE 30 sì bá ooru ilẹ̀ wa mu. Ẹ yí i padà lẹ́yìn wákàtí 5 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní wákàtí 25 sí 50. Ẹ̀rọ ìṣánko tí wọ́n ń kọ́ èjìká ni wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀: tó bá jẹ́ 25 sí 1 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, mìlílítà 40 fún lítà kan, tó bá jẹ́ 50 sí 1, mìlílítà 20. Ẹ má da epo tí ẹ pò yìí sínú mówà.

Tòkunbọ̀ nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Tó bá gbóná, ó ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Ẹ ní kó jẹ́ kó tutù, torí ẹ́ńjìnì tó ti rẹ̀ máa ń tan nígbà tó bá gbóná, kó sì kọ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹ fa okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: tó bá rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò ta kò yín rárá, agbára rẹ̀ ti ń jò. Tó bá ti tan, èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín dúdú lè jẹ́ fítà tó dọ̀tí lásán, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ọ́ìlì tó funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà orí pílọ́ọ̀gì, kí ẹ mú un dagẹ̀rẹ̀ kí fítà atẹ́gùn wà lókè. Tí fítà bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fi igi tín-ín-rín kan ti etí ìdérí irin, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣóńṣó abẹ. Ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ yí abẹ náà títí ṣóńṣó kejì á fi dé ojú igi. Tí ìyàtọ̀ wọn bá ju mìlímítà 3 lọ, nǹkan ti tẹ̀. Ẹ wá wo orí nọ́ọ̀tì àárín bí abẹ ṣe ń yí: tí nọ́ọ̀tì bá dúró sójú kan, abẹ ló tẹ̀, owó kékeré ni. Tí nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ bá ń rìn kiri, irin ẹ́ńjìnì tó ń yí abẹ ló tẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ tún wo ọwọ́ ìdádúró, irin tí ẹ ń di mọ́ igi ìtì kí ẹ́ńjìnì tó lè ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1982 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí abẹ mówà tí èèyàn ń tì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3 tí wọ́n bá jọ̀wọ́ irin yìí. Lọ́jà wa, ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi wáyà so pa kó má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ tú wáyà náà, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó sanwó. Irin yìí ló dúró láàárín ẹsẹ̀ yín àti abẹ.

Ohun tó máa ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Tí mówà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bá kọ lu kùkùté, tí kò tan mọ́, tàbí tó ń já okùn gbà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá fà á, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábúrétọ̀. Irin rírọ̀ kékeré kan wà tó di fláìwíìlì, ìyẹn irin róbótó tó wúwo tó ń yí lórí ẹ́ńjìnì, mú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é rọ̀ kó lè ṣẹ́ dípò kí ẹ́ńjìnì fọ́. Tó bá ṣẹ́ tàbí tó yẹ̀ díẹ̀, iná pílọ́ọ̀gì á máa wá lásìkò tí kò yẹ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má fi ìṣó rọ́pò rẹ̀, torí nígbà tí ẹ bá tún kọ lu nǹkan, irin ẹ́ńjìnì ló máa jìyà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni kò tan, epo àtijọ́ ló sábà máa ń fà á. Epo tó wà nínú kábúrétọ̀ láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta á ti dì bí oje, á sì dí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn gígé ìkẹyìn, ẹ ti ẹnu epo pa, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọn fítà atẹ́gùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó.

Abẹ tó kú máa ń ya orí koríko ni, kò ní gé e. Ní ọjọ́ kejì, orí gbogbo koríko á pọ́n. Ẹ pọ́n abẹ náà lẹ́yìn wákàtí 20 sí 25 tí ẹ bá ti lò ó. Ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri: ẹ̀gbẹ́ tó bá wálẹ̀ ló wúwo, ibẹ̀ ni kí ẹ tún pọ́n díẹ̀ sí i. Abẹ tí kò dọ́gba máa ń gbọ̀n, gbígbọ̀n náà ló sì ń tú nọ́ọ̀tì, tó sì ń jẹ bẹ́árìnì.

Lílò rẹ̀

Ẹ ṣa òkúta, agolo, ìṣó àti egungun kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí àwọn ọmọdé wà nínú ilé, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, torí òkúta tí abẹ bá ta máa ń lọ jìnnà. Lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, ẹ máa tì í gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, ẹ má ṣe tì í lọ sókè kí ẹ sì fà á wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó bu epo sí i.

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti ga jù, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mélòó kan wà láàárín. Nígbà òjò, ọjọ́ 7 sí 10 ló yẹ kó wà láàárín gígé kan sí èkejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé abẹ ga sí i, nítorí koríko tó kúrú jù kò ní bo gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ oòrùn.

Koríko tí ẹ gé, tó bá kúrú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń bọ́ ilẹ̀. Èyí tó pọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí tòmátò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kó má bàa gbóná. Ẹ lè fún ewúrẹ́ ní èyí tó tutù lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ yọ ibi tí epo tàbí ọ́ìlì ta sí kúrò, kí ẹ má sì fún wọn ní èyí tí ẹ ti kó jọ mọ́jú, torí ó ti lè bu.