Ẹ Má Tíì Gun Òrùlé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Díkódà Kò Bá Gbé Àwòrán

Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, díkódà ò gbé àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan á ti wà lórí pánù tó ń yí díìṣì, ẹlòmíì á wà lójú fèrèsé tó ń pariwo pé, "Ó ti ń bọ̀! Ó tún ti lọ!" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì tí díìṣì DStv kọjú sí jìnnà sí wa ju 35,000 kìlómítà lọ. Bí ẹ bá yí díìṣì ní dígírì kan péré, ẹ ti fi ohun tó ju 600 kìlómítà lọ tàsé rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, òjò ló dí ìgbì tó ń ti sátẹ́láìtì bọ̀ lọ́nà; tó bá dá, àwòrán á padà. Pánù tó tutù lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí "No Signal" bá wà níbẹ̀, tí ẹ tẹ rìmóòtù díkódà tí nǹkan kan ò yí padà, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí HDMI, ojú ibi tí àwòrán díkódà ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ kóòdù E16, ọ̀rọ̀ owó ni. Bó bá jẹ́ E48-32, ìgbì ni kò dé inú díkódà. Ẹni tó rí E16 tó lọ ń yí díìṣì ti sọ wàhálà kan di méjì.

Àṣìṣe míì ni kí a pa díkódà, kí a sanwó, kí a wá tàn án lálẹ́. Àṣẹ tó ń ṣí ìkànnì kì í gba orí fóònù dé díkódà. Sátẹ́láìtì ló ń gbé e wá, díìṣì ló sì ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí díkódà wà ní títàn, lórí ìkànnì kan, kí ẹ tó sanwó. Bí E16 ò bá lọ, ẹ lo áàpù ilé-iṣẹ́ náà láti nù ún kúrò.

Wáyà tó so díkódà mọ́ díìṣì ló ń dùn mí jù, torí pé a kì í kà á sí. Iná ń ti inú díkódà gba inú rẹ̀ gòkè lọ sí LNB, orí kékeré tó wà níwájú díìṣì: fólítì 13 fún àwọn ìkànnì kan, 18 fún àwọn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì kan fi lè wọlé kí òmíràn má wọlé. Bí ẹ bá fi sẹ́lótéèpù so wáyà tó já, irun wáyà kan ṣoṣo tó bá kan kọ́pà àárín ti tó láti pa iná náà, omi òjò á sì wọ ojú ibẹ̀. Ẹnu wáyà gidi (kọnẹ́tọ̀) ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yọ díkódà nínú iná kí ẹ tó tú wáyà. Nílé wa, ọjọ́ mẹ́ta la fi bá díìṣì jà. Eku ló ti gé wáyà jẹ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má fi sáńpépà tàbí bẹntiróòlù nu káàdì inú díkódà. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ tó. Ẹ má sì dá díkódà padà sí bó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́: kò lè tún wáyà tó já ṣe.

Bí wáyà bá dára, tí ti aládùúgbò ń ṣiṣẹ́, tí E48-32 ò sì lọ, ẹ pe oníṣẹ́ díìṣì tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn ìgbì. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un, kí òun náà má baà bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé.