Bí mo ṣe gbé PCV mi kúrò ní 27 nígbà tí mo lóyún

Oyún mi ti wọ oṣù kẹfà nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní àntínátà, PCV, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, jẹ́ 27. Aboyún tí tiẹ̀ ò bá ti tó 33, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó nìyẹn. Kò yà mí lẹ́nu ṣá, torí tí mo bá ti gun àtẹ̀gùn báyìí, àyà mi á máa lù kìkìkì, òòyì á máa kọ́ mi, mo sì ti ń rún áìsì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì ní áìsì yẹn gan-an wà lára àmì ẹ̀.

Wọ́n yẹ̀ mí wò bóyá ibà ni tàbí aràn, kò sí, AA sì ni genotype mi, ni dókítà bá kọ ferrous sulphate 200mg, ìyẹn oògùn iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú folic acid. Ẹ má wo 200 ara páálí o, iron tó wà nínú ẹyọ kan ò ju bíi 65mg lọ.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an niṣẹ́ wà. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó jẹ nǹkan kan, ni mo máa ń gbé e mì pẹ̀lú omi ọsàn tí mo fúnra mi fún, torí vitamin C ń jẹ́ kí ara gba iron dáadáa. Tíì, kọfí, mílíìkì, ó di wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀, calcium sì di alẹ́. Àfi bí màmá ọkọ mi ṣe gbé omi ugwu dé, wọ́n ti po mílíìkì àti malt mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ bá ìyá ọkọ ṣe àríyànjiyàn? Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo wá rọra bẹ̀ wọ́n pé ká kúkú máa fi ugwu yẹn se ọbẹ̀, kí ẹja àti ẹran pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ìgbẹ́ mi dúdú kirikiri, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí torí wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó le ni inú rírun àti pé ìgbẹ́ ọ̀hún ò fẹ́ jáde, omi àti ìbẹ́pẹ ló gbà mí. Nígbà tí èébì fẹ́ pọ̀ jù, mi ò dá oògùn dúró, dókítà ló ní kí n máa lò ó lọ́jọ́ kan, kí n fo ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn oṣù kan ó di 30, nígbà tí ìkúnlẹ̀ kù díẹ̀ ó ti di 34. Ká ní kò gòkè ni, wọn ì bá fa iron ọ̀hún sí mi lára ní dírípù. Mo bímọ tán, wọ́n tún ní kí n lò ó fún oṣù 3 sí i, kí iron tó wà ní ìpamọ́ nínú ara lè kún padà, ọmọ ti fa tiẹ̀ lọ.