Ilẹ̀ yín ti ṣá? Ẹ jẹ́ ká jí i

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń dáko ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbọ́ ọ pé àgbàdo ò ṣe dáadáa lọ́dún yìí, pé ewé ẹ̀ ń pọ́n látìsàlẹ̀, pé fàtíláísà táwọn fowó gidi rà, àwọn dà á sílẹ̀, òjò kan ṣoṣo ló gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Ohun témi ń sọ ni pé ká tó bọ́ ohun ọ̀gbìn, ilẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bọ́, torí ilẹ̀ kì í ṣe òkú nǹkan, ohun ẹlẹ́mìí ló kún inú ẹ̀, tébi bá sì ti ń pa àwọn yẹn, kò sí bébi ò ṣe ní pa àwa náà.

Ẹ wò ó, ilẹ̀ tó dáa tó kún ṣíbí kékeré kan péré, bakitéríà inú ẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan, a ò tíì sọ ti olú, ekòló, ikan àtàwọn kòkòrò tójú ò lè rí. Àwọn ló ń jẹ ewé tó jábọ́ àti gbòǹgbò tó ti kú, tí wọ́n á wá sọ ọ́ di oúnjẹ fún ohun tá a gbìn. FAO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oúnjẹ ní Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé bí ìdá 95 nínú 100 oúnjẹ tá à ń jẹ láyé ló ti ara ilẹ̀ wá. Streptomycin, oògùn tó kọ́kọ́ kápá ikọ́ ẹ̀gbẹ, ara bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943. Kábọ̀n tí wọ́n ní ó ń mú ayé gbóná yìí náà, èyí tílẹ̀ fi pamọ́ sínú pọ̀ ju ti ojú òfuurufú àti ti gbogbo igi pọ̀ lọ, tílẹ̀ bá wá bà jẹ́, ó ń tú u jáde nìyẹn. Ilẹ̀ tí ò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, ó lè gbà tó 1000 ọdún kó tó dá. Kátápílà á wá fi wákàtí kan hó o dànù nítorí ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ẹ sì lọ wo ibi tí wọ́n ti wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ dúdú ti wà nísàlẹ̀, amọ̀ pupa àti òkúta ló wà lókè, kòtò kún fómi, koríko gan-an ò fẹ́ hù níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Ó dáa, kí lẹ máa ṣe? Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní. Ẹ wá bọ́tìlì rọ́bà tójú lè ríran wọnú ẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ sí i dé ìlàjì, ẹ pọnmi kún un, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní fọwọ́ kàn án. Yanrìn á ti rì kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èyí tó kúnná jù ú lọ á tẹ̀ lé e, amọ̀ ló máa pẹ́ jù, ó lè dọjọ́ kejì kómi tó mọ́ lórí ẹ̀. Tó bá dàárọ̀, ẹ máa rí i bó ṣe tò léra wọn, ẹ ó sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ yanrìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀, ẹ má da fàtíláísà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa pín in ní díẹ̀díẹ̀, torí kò lè dì í mú. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, yanrìn ló sábà máa ń pọ̀ lókè, tẹ́ ẹ bá wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ ọkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan amọ̀ pupa. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ dúdú tó wà lókè yẹn ò pọ̀ rárá, inú ẹ̀ sì loúnjẹ wà.

Ohun kejì, ẹ lọ soko láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀. Ibi tí ekòló bá wà, ẹ máa rí ìgbẹ́ ẹ̀ lójú ilẹ̀, tó dúró ṣónṣó, tó ga bí ìka ọwọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́ o, ilẹ̀ tó ti gba inú ekòló kọjá ni, ó lóúnjẹ ju ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ, ihò tó sì ń lu sísàlẹ̀ lomi òjò ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá wò títí tẹ́ ò rí ẹyọ kan nígbà òjò, ebi ló ń pa ilẹ̀ yẹn, tàbí oògùn apakoríko ti pọ̀ jù níbẹ̀, tàbí iná.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, mo mọ̀ pé wọ́n bá wa bí i ni. Ẹ ṣánko tán, ẹ dáná sí i, ilẹ̀ mọ́, àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ sì ta dáadáa, torí eérú ń bọ́ ilẹ̀, ó sì ń pa kíkan ẹ̀. Àmọ́ náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ewé ohun ọ̀gbìn tutù yọ̀yọ̀, èyí tó wà lára ewé yẹn ti bá èéfín lọ, òjò méjì mẹ́ta á gbá eérú tó kù lọ sódò, ilẹ̀ á wà níhòòhò sábẹ́ oòrùn. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi bí ọdún mẹ́wàá, ìdí nìyẹn tíná ò fi bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ò ráyè fi sílẹ̀ ọdún méjì pàápàá! Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti ṣánko tán, ẹ fi koríko yẹn bolẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè, kó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ohun tẹ́ ẹ gbìn. Omi ò ní tètè gbẹ nígbà tí òjò bá dá lóṣù kẹjọ, koríko míì ò sì ní ráyè hù púpọ̀. Ewé jogbo, èyí tó ń yọ òdòdó yẹ́lò lẹ́bàá títì káàkiri Ifẹ̀, ó dáa gan-an fún iṣẹ́ yìí, ó tètè ń jẹrà, ó sì kún fún oúnjẹ, ẹ kàn gé e kó tó so èso.

Ajílẹ̀ wá kàn. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n látijọ́, orí ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń rúwé jù. Ààtàn ìsinyìí ló yàtọ̀, náílọ́ọ̀nù, bátìrì àti ìgò ló kún ibẹ̀, ẹ má kó ilẹ̀ ibẹ̀ sóko oúnjẹ mọ́. Ẹ ṣe tiyín sábẹ́ igi. Ẹ gé pòròpórò àgbàdo wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, kẹ́ ẹ wá kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tútù àti ìgbẹ́ adìyẹ lé e, gbígbẹ mẹ́ta sí tútù kan, ẹ máa tò ó léra títí á fi ga tó mítà kan, kó fẹ̀ tó mítà kan náà. Ẹ wọ́nmi sí i kó rí bí aṣọ tí wọ́n fún lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán. Lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ẹ ki irin gígùn bọ àárín ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fà á yọ, tó bá gbóná tí ò ṣeé dì mú pẹ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso koríko. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì méjì. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ sí i kẹ́ ẹ yí i. Tí ò bá gbóná rárá, ó gbẹ jù tàbí ìgbẹ́ adìyẹ ò tó. Bí oṣù mẹ́ta, á ti dúdú, òórùn igbó lẹ́yìn òjò láá máa rùn.

Ẹ̀yin oníkòkó, ẹ lè fi èèpo kòkó sí i, pọtáṣíọ̀mù, oúnjẹ míì tí ohun ọ̀gbìn nílò, pọ̀ lára ẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń fi eérú ẹ̀ se ọṣẹ dúdú. Àmọ́ ẹ má ṣe é sáàárín oko kòkó, torí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi ń fara pamọ́ sára èèpo tó wà nílẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́mìílì náà dáa, tẹ́ ẹ bá da ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ mọ́ ọn kó kọ́kọ́ jẹrà. Tẹ́ ẹ bá ro ó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, á gba náítírójìn mọ́ àgbàdo lọ́wọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ má dà á sídìí ata o, á jó o.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà wà lóko yín lọ́dọọdún. Tó bá ń tan òdòdó, ẹ fọkọ́ wa ọ̀kan jáde jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ gbọn ilẹ̀ ara gbòǹgbò ẹ̀ dànù, ẹ máa rí kókó róbótó róbótó lára ẹ̀, ẹ fi èékánná la ọ̀kan, tí inú ẹ̀ bá pọ́n, bakitéríà inú ẹ̀ ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Nígbà ìkórè ẹ gé e nílẹ̀, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ síbẹ̀.

Tóko bá tóbi tẹ́ ẹ sì fẹ́ náwó lórí fàtíláísà, ẹ gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ná. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ilẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri oko, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ yẹra fún ojú ọ̀nà, ìdí ebè tí wọ́n sun nǹkan sí àti ibi tẹ́ ẹ kó ajílẹ̀ sí. Ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ẹ sá a síbòòji kó gbẹ, ẹ bu nǹkan bí ìdajì kílò sínú náílọ́ọ̀nù tuntun, ẹ kọ orúkọ oko àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn sí i lára. Ẹ má fi àpò fàtíláísà gbé e lọ, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara àpò yẹn á da èsì rú. Oṣù kìíní tàbí ìkejì ló dáa jù láti ṣe é, kí èsì ti wà lọ́wọ́ yín kójò tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta.