Bí ẹ ṣe lè pinnu bóyá iṣẹ́ abẹ lésà yẹ ojú yín

Ẹni tó bá ń lo gíláàsì, tó sì ti jáde rí láti inú báǹkì tí éésì ti mú bíi yìnyín sí ojú títì Broad Street, mọ ohun tí mò ń sọ. Kùrukùru á bo gíláàsì lójijì, èèyàn á dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa tì í. Nọ́ńbà ojú mi, ìyẹn agbára gíláàsì tí mò ń lò, jẹ́ -6.75 lọ́tùn-ún, -7.25 lósì. Tí mo bá bọ́ gíláàsì, tí mo na ọwọ́ mi tán, èékánná mi ò hàn sí mi mọ́.

Nígbà tí mo gbọ́ pé lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ alágbára, lè gbà mí lọ́wọ́ gíláàsì, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, lórí mainland Èkó níbí, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Wọ́n ní tí mo bá san án kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn á bá mi dín in kù. Kò tíì sí ẹni tó wo ẹyinjú mi nígbà náà o! Mo dúpẹ́ pé owó ò pé lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà tó yẹ kí n kọ́kọ́ tọ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, torí ojú kì í ṣe aṣọ tí a lè dá padà fún ọlọ́jà ní Balógun.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí lésà ń ṣe

Níwájú ẹyinjú ni awọ kan wà tó mọ́ gaara bíi dígí. Òun ni wọ́n ń pè ní cornea. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ kí àwòrán lè bọ́ sí ẹ̀yìn ojú. Tí ẹyinjú bá gùn jù, àwòrán kì í dé ẹ̀yìn yẹn, ìdí sì nìyẹn tí àwa tí nọ́ńbà wa ní àmì ìyọkúrò kì í fi í rí ohun tó jìnnà. Lésà á bó díẹ̀ kúrò lára cornea kó lè tẹ́ sí i, kí àwòrán lè dé ibi tó yẹ kó dé. Ohun tó bá bó kúrò kò ní hù padà láéláé.

Ní 1981 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Rangaswamy Srinivasan, James Wynne àti Samuel Blum, rí i pé lésà tí wọ́n ń pè ní excimer lè gé ẹran ara láìjó ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tòlótòló tó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ọdún ni Srinivasan gbé lọ síbi iṣẹ́ tó fi dán an wò. Ní 1995, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ojú. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àná tí wọ́n fẹ́ fi wá dánra wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Nínú PRK, wọ́n á ha awọ fẹ́lẹ́ tó wà lókè cornea kúrò, lésà á ṣiṣẹ́, awọ náà á sì hù padà fúnra rẹ̀. Ó máa ń dunni fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú tó mọ́ dáadáa. Nínú LASIK, wọ́n á gé ìdérí kékeré kan, wọ́n á ṣí i bí ìwé, lésà á ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ríran dáadáa lọ́jọ́ kejì. Nínú SMILE, wọ́n á gé ègé tín-ín-rín kan sínú cornea, wọ́n á sì fà á jáde láti ojú ihò kékeré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan ló dára jù fún gbogbo ayé. Ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, fún àpẹẹrẹ, PRK ló bá a mu ju LASIK lọ, torí kò sí ìdérí tí ẹ̀ṣẹ́ lè ṣí.

Ẹ yẹ ara yín wò nílé

Ẹ wá gbogbo ìwé gíláàsì àtijọ́ yín jáde. Tí nọ́ńbà yín bá yí ju 0.50 lọ láàárín ọdún kan, ẹ dúró ná. Lésà tó bá ojú tó ṣì ń yí, gíláàsì á tún padà wá. Ọdún 18 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ kí èèyàn ti lé ní 21 kí ojú ti fìdí múlẹ̀. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mú kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú, torí nọ́ńbà ojú máa ń yí nígbà yẹn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì wálẹ̀, tàbí àrùn bíi lupus, níbi tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, kí ó sọ ọ́ kedere fún dókítà.

Tí ẹ bá ti ń súnmọ́ 40, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ránṣọ ní Ṣùúrùlérè. Nọ́ńbà ojú wọn kò ju -2.50 lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, ńṣe ni wọ́n á ti gíláàsì sórí, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ náà súnmọ́ imú, òwú á sì wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò lo gíláàsì rí ti ń wá ọmọdé tó máa bá wọn fi òwú sí abẹ́rẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣe lésà kí wọ́n lè ríran jìnnà, ibi abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n á pàdánù: wọ́n á ra gíláàsì ìkàwé bíi tàwọn yòókù. Lésà kì í dá ojú àgbà dúró. Àwọn dókítà kan lè ṣe ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún ohun tó súnmọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi contact lens, ìyẹn lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sórí ẹyinjú, dán irú ìríran bẹ́ẹ̀ wò ná, torí kò bá gbogbo èèyàn lára mu.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ “lésà ojú”, ó rò pé ó ń wo glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, àti cataract, kùrukùru inú lẹ́ńsì ojú, pẹ̀lú. Lésà tí à ń sọ yìí kì í wò wọ́n. Glaucoma sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn aláwọ̀ dúdú, ó máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀ láìdunni. Bí bàbá tàbí ìyá yín, tàbí ọmọ ìyá yín, bá ní in, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé yín sórí ẹ̀rọ. Ìdí pàtàkì mìíràn tún wà: lẹ́yìn tí lésà bá ti bó cornea fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára omi inú ojú á máa ka iye tó kéré ju òótọ́ lọ. Dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ti ṣe lésà rí lè sọ pé ara le, nígbà tí glaucoma ti wọlé.

Ẹ lọ wọn ojú, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó

Tí ẹ bá ń lo contact lens rírọ̀, ẹ yọ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ti líle ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ó máa ń tẹ cornea kúrò ní ìrísí rẹ̀. Ẹ fi tìróò náà sílẹ̀.

Ibi kejì tí mo lọ, ní Island, wákàtí méjì ó lé ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin kan, kí n tẹjú mọ́ àárín àwọn òrùka iná tó yí ara wọn ká. Kò dunni rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tẹ ìwé aláwọ̀ jáde bíi máàpù: búlúù níbi tí cornea ti tẹ́, pupa níbi tó ti ga. Lójú ọ̀tún mi, àwọ̀ náà pín dọ́gba. Lójú òsì, pupa kó jọ sí ìsàlẹ̀.

Dókítà náà, màmá kan, wò ó pẹ́. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ ra ojú?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, láti kékeré.”

Wọ́n wá mú bíírò, wọ́n ṣírò rẹ̀ fún mi sẹ́yìn ìwé náà. Cornea ọ̀pọ̀ èèyàn nípọn tó nǹkan bíi 540 micron, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdajì mìlímítà. Tí nọ́ńbà ẹnì kan bá jẹ́ -4, ìdérí LASIK á gba bíi 110, ó ku 430. Lésà á bó bíi 15 fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 60, ó ku 370. Wọn kì í fẹ́ kó wálẹ̀ ju 250 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà sì fẹ́ 300 kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Tèmi lójú òsì jẹ́ 488. Yọ 110, yọ 109, ó ku 269.

Wọ́n ní, “Ẹni tó fẹ́ gba owó yín á sọ pé 269 ju 250 lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú pupa tó wà nísàlẹ̀ yìí, mi ò ní fi lésà kàn án.”

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni keratoconus, àrùn tó ń mú kí cornea tín-ín-rín kó sì máa yọ síwájú. Bí lésà bá tún bó irú cornea bẹ́ẹ̀, á wú bíi táyà tó ti jẹ tán tó wá ń yọ ikùn, gíláàsì lásán ò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Ojú mi kún fún omi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó sọ “rárá” fún mi yẹn ló fẹ́ràn ojú mi jù. Ẹ béèrè ìwé máàpù yẹn níbikíbi tí ẹ bá lọ. Ibi tí wọn kò bá ti lè fi hàn yín, ẹ dìde níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wádìí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Dókítà ojú gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kó sì ti gba oyè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ojú, bóyá ti National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Surgeons. Ilé ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ ní ìwé HEFAMAA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn. Optometrist, ẹni tó ń yẹ ojú wò fún gíláàsì, lè wọn ojú yín dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Tí ọkàn yín bá ń ṣe méjì, ẹ gba èrò kejì níbi tí wọn kò ti ní lésà láti tà. Ẹ̀ka ojú ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, wà níbẹ̀. Ní ti owó, ẹ béèrè bóyá àyẹ̀wò, oògùn, ìpadàbẹ̀wò àti àtúnṣe wà nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Ẹ fi ayé tí ẹ ń gbé wọ̀n ọ́n

Ojú gbígbẹ ló wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn lésà. Ó sábà máa ń lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, àwọn kan sì wà tí kì í lọ fún. Ẹ wá ro ó: ẹni tó ń jókòó sábẹ́ éésì níwájú kọ̀ǹpútà ní Marina láti àárọ̀, tó ń wọ dánfó tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì, tó tún ń bá èéfín jẹnẹrétọ̀ sùn. Tí ọyẹ́ bá wá dé ní Oṣù Kejìlá ńkọ́? Tí ojú bá ti ń ta yín báyìí, ẹ tọ́jú ìyẹn ná kí ẹ tó ronú lésà.

Iná alẹ́ ni èkejì. Nínú ìwádìí PROWL lórí LASIK, tí FDA darí, ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tí kò ní irú ìṣòro ìríran bẹ́ẹ̀ ṣáájú ló sọ lóṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pé àwọn ti ń rí òrùka tàbí ìtànṣán yí iná ká, tàbí ohun tó jọ ọ́. Àwọn tó ní ó dí àwọn lọ́wọ́ gan-an kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì ní inú àwọn dùn sí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lóru lórí afárá Third Mainland, níbi tí iná gíga ti ń kọ mànà sójú, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju akọ̀wé tó ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àbúrò mi obìnrin ṣe lésà, torí ojú tirẹ̀ yẹ fún un: -3.50, 551 micron, máàpù tó dọ́gba. Èmi ni mo sìn ín lọ. Wọ́n kán oògùn tó ń mú ojú kú sí i, kò sí abẹ́rẹ́. Ó ní ojú náà ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nígbà tí ẹ̀rọ fà á mọ́ra, lẹ́yìn náà òun gbóòórùn bíi irun tó ń jóná. Ojú méjèèjì ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó sun gbogbo ọ̀sán yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ní bákónì wa, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ sókè fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé.

Kò fọwọ́ ra ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń fi ìbòjú oníke sùn, kò sún mọ́ tìróò tàbí etí òkun. Omi àlùwàlá pàápàá, dókítà ló sọ ọjọ́ tó lè padà máa bu ú sójú. Kó tó kúrò níbẹ̀, mo ní kó gba gbogbo ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ṣáájú lésà: nọ́ńbà rẹ̀, bí cornea rẹ̀ ṣe nípọn tó, máàpù, àti agbára omi inú ojú. Bí cataract bá dé lọ́jọ́ ogbó, ìwé yẹn wà lára ohun tí dókítà máa fi ṣírò lẹ́ńsì tó yẹ ojú rẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó wà nínú àpótí Màmá wa pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀.