Férémù Méjì Fún Ilé Kan

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó férémù, ₦18,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ ilé tí wọ́n ti wó.

Bàbá kékeré mi ń pé àádọ́rin ọdún. Léèsì ló tà lẹ́bàá Tinubu Square títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Mo ní kí n fi àwòrán ilé ìgbà náà dá a lọ́lá. Mo rí méjì lórí fóònù: wọ́n kọ Casa do Fernandez sábẹ́ ọ̀kan, Ilojo Bar sábẹ́ èkejì. Mo kó méjèèjì sínú férémù kan, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Ilé méjì tí a pàdánù ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

Ìyàwó Bàbá kékeré wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé ilé náà bí ìbejì ni?"

Ojú tì mí. Mo ní kí n wádìí ẹ̀ dé gbòǹgbò kí n tó tún un ṣe. Wọ́n júwe ilé-ìkàwé kan fún mi tó ní ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ lọ́dọ̀ oní-fótókọ́pì. Ó kà á, ó ní kò ní ọjọ́. Mo fi ọjọ́ sí i. Ó ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ti lọ jẹun. Aago mọ́kànlá àárọ̀ o!

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá buwọ́ lù ú, àmọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ síbi ìnáwó. Lọ́jọ́ kẹta, kọ́kọ́rọ́ dé, iná lọ. Mo tan iná fóònù. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a kì í tan fóònù níbí." Ó kù díẹ̀ kí n sunkún, èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tó rí i. Ara mi yá gágá, ká má parọ́. Ilé kan náà ni! Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855, ilé ọtí àti oúnjẹ ni. Casa, ilé ni lédè Potogí. Ọnà àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl bọ̀ ló wà lára ẹ̀, àwọn ẹnu ọ̀nà tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, ó sì di Ilojo Bar. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ìyẹn ò ní kí katakata má dé ibẹ̀: ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, ni wọ́n wó o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ han ẹni tó nájà ládùúgbò náà. Ẹ fi ọjọ́ sí lẹ́tà yín. Ẹ sì gba nọ́ńbà ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Férémù kejì ti wà ní pálọ̀ Bàbá kékeré, orúkọ méjèèjì lábẹ́ ilé kan. Mo bi oníférémù bóyá ó máa gba ti àkọ́kọ́ padà. Ó ní kí n gbé e kọ́ sí yàrá àwọn ọmọ.